Ègé Iṣu Tí A Kọ “N Kò Mọ̀” Sí

Òórùn iṣu tí a gé wẹ́wẹ́ sá sóòrùn ló máa ń gbé mi padà sí Kpakungu, àdúgbò kan ní Minna, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìlú náà di olú-ìlú ìpínlẹ̀, tí eruku ilé tuntun gba gbogbo ìgboro. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé kan ni, ìwé ìgbàsíṣẹ́ mi kò sì tíì ní ìbuwọ́lù. Ọ̀gá mi, obìnrin ará Ọ̀yọ́ kan tí í kọ́ni nípa ewéko, ti fi odidi ọdún kan kó oríṣiríṣi iṣu jọ láti àwọn oko ìtòsí. Iná kì í dúró níbi iṣẹ́, ni mo bá ń bá wọn sá ègé iṣu náà ní àgbàlá mi, oríṣi kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bébà orúkọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí n kò sí nílé, òjò ṣú. Ìyàwó mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò lè fara da kí òjò pa gbodo, iṣu gbígbẹ tí a fi ń ṣe èlùbọ́, sáré kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agbọ̀n kan, atẹ́gùn sì gbé àwọn bébà lọ. Inú rẹ̀ ń dùn nígbà tí mo dé. Ó ní òun tilẹ̀ ti ń rò ó pé kí òun bù díẹ̀ lọ̀ ní èlùbọ́. Òjò kò kúkú pa á.

Ìgbéraga ló kó bá mi, ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ àgbẹ̀ bíi tèmi, ta ló fẹ́ kọ́ mi ní iṣu? Mo jókòó, mo ń ṣà á: iṣu funfun nìyí, ewùrà nìyí, gúdúgúdú nìyí, èyí tí í hù nínú igbó tí oró rẹ̀ lè pààyàn. Mo kọ bébà tuntun, mo gbé e fún màdáámù, ọ̀gá mi. Torí iṣẹ́ mi ni n kò fi jẹ́wọ́.

Wọ́n kàn sọ “tò”, “ó dáa” ti àwọn Hausa, bí gbogbo wa ti ń sọ ọ́ ní Minna. Wọ́n rẹ ègé kan sómi, wọ́n fi abẹ gé e fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ọwọ́ wọn balẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tó yá, wọ́n pè mí wá wò ó. Hóró ìyẹ̀fun inú ojúlówó iṣu funfun tóbi, ó rí bí ẹyin. Ti ègé tí èmi pè ní iṣu funfun kéré, ó ní igun bí iyọ̀. Wọ́n gún ìyókù rẹ̀, wọ́n fa omi rẹ̀ jáde, wọ́n kán oògùn ìdánwò sí i. Kíá ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa silẹ̀.

“Oró gúdúgúdú nìyẹn,” ni wọ́n wí.

Mo rántí èlùbọ́ tí ìyàwó mi fẹ́ lọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.

Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Wọ́n ní, “Dìde. Iṣu tí a ti bẹ, tó ti gbẹ, èmi náà kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ sí i pé o kò mọ̀?”

Wọ́n na báírò sí mi. Mo kọ “N kò mọ̀” sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni màdáámù fi ń gé, tí wọ́n ń wò, tí wọ́n ń kán oògùn, tí wọ́n ń fi orúkọ tòótọ́ rọ́pò ohun tí mo kọ, títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo. Wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ “N kò mọ̀” tí èmi kọ, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbàsíṣẹ́ mi. Mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìbuwọ́lù méjì tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, èyí tó wà lára bébà iṣu ni mo fi ń wọn ènìyàn títí dòní.