Ìyá Mi Ní Kí N Má Kí Òun

Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, ìbọn pọ̀ nígboro ju búrẹ́dì lọ, àwọn adigunjalè sì sọ àdúgbò wa ní Mushin di ilé baba wọn. Ni àwọn onílé bá kó ara wọn jọ, wọ́n ra ìbọn ṣakabùlà méjì, wọ́n sì bẹ sájẹ́ǹtì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òpópónà wa pé kó wá kọ́ àwa ọ̀dọ́kùnrin ní ìṣọ́ ṣíṣe. Ìbọn kan ti ní ẹni tí yóò máa gbé e. Èkejì, Ọlọ́run ló mọ bó ṣe wù mí tó! Mo ń lá àlá rẹ̀.

Igi la fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n sájẹ́ǹtì á pariwo, “Dáùn!” gbogbo wa á sì fi àyà lélẹ̀ nínú eruku. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi orúnkún kan lélẹ̀, ká máa yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, kì í ṣe láti orí rẹ̀. Ó fọwọ́ gbá páànù tí ẹnì kan fi ṣe ọgbà.

“Eléyìí á fi ẹ́ pamọ́ o, àmọ́ ọta á gba inú ẹ̀ kọjá bí ìgbà téèyàn kìka bọ ẹ̀kọ. Búlọ́ọ̀kù ni kó o wá. Ẹńjìnnì mọ́tò náà dáa.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó dúró sí òdìkejì títì pẹ̀lú agbọ̀n ọsàn tí kò tíì pọ́n. Ẹni tó bá ti ìdí ẹ̀rọ omi dé géètì ilé alága àwọn onílé tí ọsàn kò bà á, òun ló ni ìbọn.

Mo já lu títì! Mo sá sẹ́yìn dọ́rọ́ọ̀mù tó kún fún omi, mo rá dé ẹ̀yìn ẹńjìnnì mọ́tò kan tó ti kú, mo bẹ́ sẹ́yìn ògiri. Inú mi ń dùn. Ọsàn ń fò kọjá, kò bà mí. Ó kù díẹ̀ kí n dé géètì.

Àfi bí ìyá mi ṣe yọ pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ń ti ọjà Òyìngbò bọ̀. Kí n tó ronú, mo ti jáde, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sójú títì.

“Ẹ káàbọ̀ mà!”

Pàù! Ọsàn bà mí ní ìdí.

“O ti kú!” ni Ẹ̀gbọ́n ké. “Òkú ọmọlúàbí!”

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ fún òun ohun tí ọsàn dúró fún. Nígbà tó gbọ́ pé ọta ni, ojú rẹ̀ yí padà.

“Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe.” Ó kọjú sí mi. “Ìwọ, tó o bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, má kí mi. Kí wọ́n sọ pé mi ò kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí wọ́n wá kí mi kú ọ̀fọ̀ lọ.”

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Dọ́rọ́ọ̀mù. Ẹńjìnnì. Ògiri. Ibẹ̀ ni ìyá mi tún ti yọ sí mi, ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó dúró sójú títì, ó ń ki mí ní oríkì, láti orí àwọn baba ńlá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo bá gbọ́ oríkì yẹn, ara mi kì í gbọ́ tèmi mọ́. Mo tẹ àyà mọ́lẹ̀. Omi lé sí mi lójú. Mi ò dáhùn. Mo rá lọ lábẹ́ ògiri bí ọmọ tí kò ní ìyá.

Nígbà tí mo fọwọ́ kan géètì, ariwo sọ, Ẹ̀gbọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Mo yíjú padà kí n lè dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. Ó ti gbé ẹrù rẹ̀ padà sórí, ó ń jó lọ sílé, kò dúró gba ìkíni.