Orúnkún Tí Kò Fẹ́ Kúnlẹ̀

Bí mo ṣe fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Mowe ni orúnkún mi ọ̀tún ta mí bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Mo dúró gbọnyin, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbá tẹníìsì ò kúnlẹ̀ mọ́. Agbéraga!"

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àdúgbò wa ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ wa, àyè obìnrin kan ṣoṣo ló sì kù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní agbéraga ju kí kóòṣì tó ń kọ́ mi ní tẹníìsì gbọ́ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Àwọn èèyàn rò pé apá ni tẹníìsì ń lò. Lórí pápá sìmẹ́ǹtì wa ní Ibafo, à ń sáré, à ń dúró lójijì, à ń fò, nínú oòrùn, fún wákàtí méjì. Ó tilẹ̀ ń rẹ ọkàn ju ẹsẹ̀ lọ. O ò ní ẹnìkejì tí wàá di àṣìṣe rẹ rù, o ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó wà lódìkejì àwọ̀n rí i lójú rẹ pé ó ti rẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ ọ́n bò débi pé mo ń bò ó nílé pàápàá.

Mo fi bándéèjì di orúnkún náà lábẹ́ ṣòkòtò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ kẹwàá, tẹ̀sùbáà ìyá àgbà já bọ́ nílẹ̀, wọ́n ní kí n bá wọn mú un. Mi ò lè lóṣòó. Ìdí ni mo fi jókòó sílẹ̀ pátápátá kí n tó rí i mú. Wọ́n ká ṣòkòtò mi sókè, wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀. Ó gbóná.

"Mo ti mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ta lò ń fi èyí pamọ́ fún?"

Mo bú sẹ́kún, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Ìpínlẹ̀ á rí ẹlòmíì yàn," ni wọ́n wí. "Èmi ò ní orúnkún míì tí màá fún ọ. Ti agbéraga tí mo pè ọ́ yẹn, má bínú."

Nílé ìwòsàn tá a lọ ní Ifo, àga kan ṣoṣo ló ṣófo. Ìyá àgbà ní kí n jókòó, àwọn dúró. Ojú tì mí gan-an. Nígbà tó kàn wá, dókítà ní iṣan tó so egungun iwájú orúnkún mọ́ ojúgun ló ti wú, tó sì ti ya díẹ̀. Ìlòkulò ló fà á: à ń lò ó lójoojúmọ́, a ò fún un láyè kó san. Ó ní kí n sinmi oṣù mẹ́ta, kí n má fò, kí n má sì kúnlẹ̀.

Mo tẹ kóòṣì láago, mo jẹ́wọ́. Wọ́n mú ọmọbìnrin míì. Mo jowú rẹ̀. N ò ní parọ́.

Eré ìmárale tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwòsàn ni pé kí n fẹ̀yìn ti ògiri, kí n máa rọra sọ̀ kalẹ̀, kí n tún dìde. Ìyá àgbà ló ń fi tẹ̀sùbáà bá mi kà á. Tí n bá ti jí, kí n tó lanu, wọ́n á ti pariwo: "Má kúnlẹ̀ o!"

Mi ò ṣojú ìpínlẹ̀ rí. Mo ṣì ń gbá tẹníìsì, ṣùgbọ́n bí ibì kan bá ń dùn mí báyìí, mo máa ń sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́. Ara ti gbìyànjú fún wa, kò yẹ ká tún fi ìrora rẹ̀ pamọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí oṣù mẹ́ta ìsinmi yẹn pé, ìyá àgbà tún pariwo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo ti wà nílẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, kò sì dùn mí. Ẹ káàárọ̀ ni mo fẹ́ sọ, ẹ ṣé ló jáde. Wọ́n ní ó ti tó, kí n dìde.

Mi ò tètè dìde.