Ẹ Sọ̀kalẹ̀ Kí Mọ́tò Lè Kọjá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní abúlé wa lórí òkè lẹ́yìn Lọ́kọ́jà, gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ fún mọ́tò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Mọ́tò kékeré kan ṣoṣo ló ń ná ọ̀nà wa, ikùn rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀ bíi ti ajá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Bí èrò bá kún inú rẹ̀, á tún rọ̀ sílẹ̀ sí i. Ibì kan wà tí àpáta ti yọrí sókè láàrin ọ̀nà. Bí a bá dé ibẹ̀, awakọ̀ á dúró, gbogbo wa á bọ́ sílẹ̀, mọ́tò á gbéra sókè díẹ̀, á rọra kọjá, àwa á sì fẹsẹ̀ rìn lọ bá a níwájú.

Ó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Awakọ̀ náà, tó jẹ́ ọmọ abúlé wa, máa ń bẹ ìyá kan tó ń ta iyọ̀, tó sanra dáadáa, pé kó jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ìyá náà á ní òun sanwó mọ́tò, òun tún ń fẹsẹ̀ rìn, ṣé kí òun kúkú bá a gbé mọ́tò náà rù ni?

Ní ìgbà òjò kan, ìyá mi ṣàìsàn. Nígbà tí kò lè dìde jókòó mọ́, bàbá mi ránṣẹ́ pe awakọ̀ kó wá gbé e lọ sí ọsibítù ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Èmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bàbá mi jókòó síwájú.

A dé ibi àpáta. Àgbàrá ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ, òkúta sì ti yọ ju ti tẹ́lẹ̀. Èmi àti àǹtí mi bọ́ sílẹ̀. Mọ́tò sún síwájú, a gbọ́ bí irin ṣe ń họ òkúta, ó sì padà sẹ́yìn. Awakọ̀ kò wo ojú bàbá mi.

"Bàbá, ó ku ẹ̀yin."

Bàbá mi wo ẹ̀yìn, ó sì bọ́ sílẹ̀. Mọ́tò kọjá. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló kún ọ̀nà tó kù níwájú. Bí mọ́tò bá dúró níbẹ̀, kò ní lè gbéra mọ́. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ké sí i pé, "Má dúró dè wá. Máa gbé e lọ."

A rìn. Nígbà tí a ó fi kọjá Otokiti, ní ẹ̀bá Lọ́kọ́jà, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ní ọsibítù, awakọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀. Ó dìde, ó sọ fún bàbá mi pé ìyá mi ti kú. Bàbá mi bi í bóyá ó sọ ohunkóhun lọ́nà.

"Ó bèèrè yín. Mo ní ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn."

Bàbá mi ní ó ṣeun, ó sì wọlé lọ. N kò sunkún. Títí tó fi kú, bàbá mi kò wọ mọ́tò kékeré mọ́. Lọ́rì ló ń wọ̀, tàbí kó fẹsẹ̀ rìn.

Mo ti lọ yunifásítì láti ìgbà náà, mo ti ṣiṣẹ́ ìjọba, mo ti fẹ̀yìn tì sí Lokongoma ní Lọ́kọ́jà. Wọ́n ti da ọ̀dà sójú ọ̀nà. Mọ́tò tún wá rẹlẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í sọ̀kalẹ̀ fún un mọ́. Bí abẹ́ rẹ̀ bá họ ilẹ̀, àwọn èrò inú rẹ̀ á kàn máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Láìpẹ́ yìí ni ara mi kò yá, tí ọmọ mi ń gbé mi lọ sí ọsibítù. Ìyàwó mi àti ọmọ-ọmọ mi méjì fún mọ́ mi lẹ́yìn. Ní àdúgbò Gadumo, a bọ́ sí kòtò kan, abẹ́ mọ́tò sì dún wàràkà. Ọmọ mi ní ó dà bí ẹni pé nǹkan ti bàjẹ́ nísàlẹ̀. Mo ní kó máa lọ. Kò sí ẹni tó sọ̀kalẹ̀.