Suẹ́tà Tí Mo Rí Ní Deira

Ta ló ń ra suẹ́tà nínú oòrùn Dubai?

Mo ká ẹ̀gbọ́n kan, ará Pakistan, mọ́ ìdí suẹ́tà ní ọjà Deira lónìí. Àgbà ọ̀jẹ̀ ni nínú ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wa ní Sharjah. Bọ́ọ̀lù tó bá jù máa ń yí bí òkòtó. Ó ní èjìká ń dun òun, òun ò lè bá wa gbá àṣekágbá ìdíje ọjọ́ Jímọ̀. Òrí tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Èkó ni mo fi ń ra èjìká ọ̀hún fún un!

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń ra suẹ́tà fún?"

"Ara mi ni, habibi. Ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì kan nílùú Òyìnbó ló gbà mí síṣẹ́. Ọ̀la ni mò ń lọ."

"Èjìká ńkọ́?"

"Khalas, ìyẹn ti parí, ó ti sàn. Ṣé òrí yẹn ṣì kù? Wọ́n ní òtútù ibẹ̀ máa ń la èèyàn létè."

Ojú ò tiẹ̀ tì í!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa sọ? Òrí ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ mi o.