Ewúro Ìrékọjá ní Thames View

Òórùn ewúro tí wọ́n ń fọ nínú omi, nílé ìdáná kékeré kan ní Thames View ní London, ló máa ń gbé mi padà sí Ìrékọjá ọdún yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń se oúnjẹ ọjọ́ náà fún gbogbo ẹbí: ẹran àgùntàn sísun, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí kò ní yíìsì, àti ewúro, torí Bíbélì ní ewébẹ̀ kíkorò ni ká fi jẹ ẹ́, àwa Aládùúrà kì í sì í fi irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi máa ń fọ ọ́ títí kò fi ní korò mọ́. Ó ní Olúwa mọ̀ pé London lòun bí àwọn ọmọ òun sí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, jẹjẹrẹ ti dá a jókòó. Oògùn rẹ̀ ti gba adùn kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìrẹsì dà bíi bébà, ẹran dà bíi bébà tó rin. Kò jẹun mọ́, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé bí kò bá jẹun, ara rẹ̀ ò ní lè gba oògùn tó kàn. Ni wọ́n bá pè mí kí n wá dáná. Èmi tí mò ń wa tírélà ní Dagenham Dock láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni, mo dúró síta ilé rẹ̀, mò ń ka ìkìlọ̀ ara ike ìdalẹ̀nù bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ẹ̀rù ojú ẹ̀gbọ́n mi ló ń bà mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣílẹ̀kùn.

“Uncle, ṣé ẹ ń wọlé ni, àbí bin yẹn lẹ wá kó?”

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń darí mi. Mo fọ ewúro lẹ́ẹ̀kan, mo fẹ́ bu omi míì.

“Ó tó.”

“Sister mi, ó ṣì korò bíi jogbo.”

“Mo ní ó tó, dẹ́rẹ́bà. Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá mi jẹ ẹ́ ni?”

A gbàdúrà, a dìde dúró jẹun, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, bí Ìwé ṣe wí. Òun nìkan ló jókòó. Àwọn ọmọ fajú ro. Ó fi ewúro sẹ́nu, ó dijú, ó rọra ń jẹ ẹ́.

“Ẹnu mi mọ eléyìí,” ó ní.

Ó fi jẹ ẹran, ó tún ní kí n bu sí i. Mo lọ sídìí síńkì, mò ń fọ ìkòkò tó ti mọ́.

Mo rò pé ó ti bọ́ nìyẹn. Kò bọ́. Kí oòrùn ọdún yẹn tó mú dáadáa, a ti sin ín.

Èmi ni mò ń se oúnjẹ náà báyìí. Bí mo bá dúró ti omi ewúro, mo máa ń rántí pé látìgbà tó ti dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ dídùn nìkan là ń bá a sọ, tèmi ló tún pọ̀ jù, torí ojo ni mí: ara yín ti ń yá, ẹ ti sanra díẹ̀. Ó ń gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nínú gbogbo ohun tí a gbé wá síwájú rẹ̀ lọ́dún yẹn, mo rò pé ewúro yẹn nìkan ni kò tàn án.