Bébà Pupa Lórí Ahọ́n Bàbá Mi

Bàbá mi kì í gbé oògùn mì. Àfáà ni wọ́n ní Zongo, àdúgbò kan ní Niamey, ará Ìlọrin ni wọ́n, wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú kí wọ́n tó bí mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ó fún wọn ní oògùn oníhóró tí wọn yóò máa lò láràárọ̀. Wọ́n á ju hóró kan sẹ́nu lójú ìyá mi, wọ́n á mu omi, wọ́n á ní, "Alhamdulilahi." Lọ́jọ́ kan ni ìyá mi fẹ́ fọ jàlàbíà wọn. Hóró oògùn ló kún inú àpò rẹ̀.

"Ọ̀fun mi ni kò gbà á," ni bàbá mi wí.

"Ọ̀fun tó ń gba òkèlè tùwó yẹn?" ni ìyá mi bi wọ́n.

Nígbà yẹn, mo ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò kan ní yunifásítì tó wà lódìkejì odò. Ọ̀gá mi, obìnrin ẹ̀yà Zarma kan tí kì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀, fẹ́ kí a fi ìsápá pupa, tí gbogbo Niamey ń pè ní bisáàpù, ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ènìyàn kò ní í gbé mì. A ó se ìsápá, a ó sẹ́ omi rẹ̀, a ó pò ó mọ́ nǹkan kan tó ń fà bíi lẹ́ẹ̀, a ó dà á sórí díńgí kí ó gbẹ, kí ó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Téèyàn bá gbé e lé ahọ́n, ó yẹ kí ó yọ́ kíá.

Mo ní ó yẹ. Nígbà ọyẹ́, ó ń sán bí ètè. Nígbà òjò, ó ń lẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀gá mi ní kí n mú èyí tí kò ní oògùn rárá, tó jẹ́ àwọ̀ àti adùn nìkan, lọ sílé kí àwọn ará ilé tọ́ ọ wò, kí n sì wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí ó tó yọ́. Mo sọ fún bàbá mi pé kò sí oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n gbé e lé ahọ́n. Kàkà kí ó yọ́, àjà ẹnu wọn ló lọ lẹ̀ mọ́. Ìgbà náà gan-an ni ìyá ọmọ kéwú kan wọlé, tó kúnlẹ̀, tó ń kí wọn. Bàbá mi kò lè dáhùn. Wọ́n ń mi orí, ètè wọn ń mì pẹ̀lú. Obìnrin náà rò pé asíkírì ni wọ́n ń ṣe, pé wọ́n ń dárúkọ Ọlọ́run, ó bá jókòó, ó ń dúró tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo sá lọ sí ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín.

Èyí tí a ṣe tẹ̀ lé e, tí òun náà kò ní oògùn, dára. Kí n tó ka ení dé ẹẹ́wàá, ó ti yọ́. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń bèèrè rẹ̀ láràárọ̀. Èmi kò mọ̀ pé wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, àfìgbà tí bàbá arúgbó mẹ́ta dé láti àdúgbò Gamkalley, tí wọ́n ní àwọn wá gba oògùn pupa.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Bàbá, mo ti sọ fún yín, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Ara mi yá."

"Ẹ jẹ́ ká lọ wo tánsọ̀n yín, ká mọ bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe ga tó."

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ pe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ náà ga gan-an ni. Nínú takisí tó ń gbé wa lọ sílé, bàbá mi yíjú sí mi.

"Ṣé bébà ni mo ń jẹ láti ọjọ́ yìí?"

"Bébà aládùn ni, Bàbá."

"Èyí tó ní oògùn ńkọ́?"

"Kò tíì lè gba oògùn púpọ̀. Tí a bá ní kí agbára ife ìsápá kan wọ inú rẹ̀, ẹ ó jẹ bébà tó fẹ̀ bí ìwé ìròyìn."

"Èyí tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú fi ń bú ara wọn? Ìyẹn gan-an ló gbé ẹ̀jẹ̀ mi sókè."

Dókítà ti ní a lè lọ hóró tiwọn sínú kókò, ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ń mu láàárọ̀. Ìyá mi ń lọ̀ ọ́ láràárọ̀, ó sì ń dúró tì wọ́n títí igbá kókò á fi gbẹ. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ wọn rọlẹ̀. Bàbá mi fúnra wọn lọ sí Gamkalley lọ sọ òtítọ́, wọ́n ní kí àwọn arúgbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé ìwòsàn. Méjì lọ. Ẹnì kẹta ń sọ káàkiri pé ẹbí wa nìkan la ń fi oògùn náà pamọ́ fún.