Ihò Dúdú àti Ẹmu Bàbá Mi

Bí ẹ bá ti rí ọ̀kánjúwà rí, ẹ ò tíì rí ti ihò dúdú tó wà láàárín àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ kan lókè lọ́hùn-ún. Gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ọn ló ń jẹ: eruku, odidi ìràwọ̀, kò bèèrè adùn. Ṣùgbọ́n kì í jẹun bí ọmọlúàbí. Ohun tó fẹ́ jẹ yóò kọ́kọ́ máa pòyì yí i ká, yóò gbóná janjan, apá kan nínú rẹ̀ kò sì ní í wọlé rárá. Yóò tú jáde lọ́nà méjì, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, pẹ̀lú eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba, títí yóò fi jìnnà kọjá ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Àwọn àwo ńláńlá tó ń gba ìgbì rédíò láti òfúrufú ló ń bá wa rí i. Èmi, olùkọ́ fisíìkì ní kọlẹ́ẹ̀jì kan ní Adja-Ouèrè, tí n kò fi ojú mi méjèèjì rí irú àwo bẹ́ẹ̀ rí, ohun tí mò ń kọ tẹ́ẹ̀sì, ìwé ìwádìí fún oyè dókítà, lé lórí nìyẹn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.

Bàbá mi ní tirẹ̀ kì í bá mi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Adẹ́mu ni ní Massè, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí èmi àti òun kò ti jọ mu nínú igbá kan náà. Èmi ni mo jẹ̀bi. Nílé wa, ẹni tó bá gba igbá ẹmu gbọ́dọ̀ da díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ kó tó fi kan ẹnu. Ọdún tí mo ti yunifásítì dé, orí mi wú bíi búrẹ́dì inú omi, mo gba igbá níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo gbé e mu tán. Wọ́n ní kí n dà fún ilẹ̀. Mo ní ilẹ̀ kò lọ́fun, kí wọ́n jẹ́ kí àwa tá a lọ́fun mu ún. Mo rò pé mo ṣe ẹ̀fẹ̀ tó dáa. Bàbá mi gba igbá náà lọ́wọ́ mi, kò sì gbé e fún mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Màmá mi, tó ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun, ní Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lẹ́nu. Ọlọ́run kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àfojúdi lásán ni.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tó yá, mo fẹ́ gbéyàwó. Olùkọ́ ni ọmọbìnrin náà, ará Tatonnonkon. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti bá ọmọdé sọ, kí bàbá mi wá. Bí wọ́n bá kórè àgbàdo tán tí a kò tíì yọjú, kí n wá ilé ẹlòmíràn yà sí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá mi.

Ó ní, “Ẹni tí kì í dà fún baba tirẹ̀ kó tó mu, ṣé ọmọ ẹlòmíràn ni yóò rántí bu oúnjẹ fún?”

Kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Àgbàdo ń gbó lọ nínú oko, ọmọbìnrin náà sì ti ń dá mi lóhùn ráńpẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀rù bà mí gidi, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ bá bàbá mi ru akèrègbè nídìí ọ̀pẹ. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ tó tú igbà tó fi gun ọ̀pẹ kúrò nídìí, ó wò mí.

“Kí lò ń tẹ̀ lórí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹn lójoojúmọ́ gan-an?”

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi. Mo bu ẹmu sínú igbá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú kó máa pòyì. “Bàbá, ẹ wò ó. Àárín igbá yìí ni ọ̀fun ọ̀kánjúwà náà. Ẹmu yìí ń yí i ká, ó ń sáré, ó ń sáré…” Ẹmu ta sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ta sílẹ̀ lápá òsì. Ọ̀gá tó ń darí tẹ́ẹ̀sì mi ní Porto-Novo ì bá fi bírò pupa fa ìlà sí i, nítorí ti ojú ọ̀run kì í ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti etí igbá, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ń tú sí. Ṣùgbọ́n igbá ni mo ní lọ́wọ́. Mo ní, “Lẹ́yìn náà, ó gbé ìyókù mì,” mo sì gbé ìyókù mì.

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, bàbá mi ti lóṣòó, ó fọwọ́ kan ilẹ̀ tó tutù.

“Baba mi, ti ọ̀tún nìyí. Ìyá mi, ti òsì nìyí. Ọmọ yín ti padà wá.” Ó gba igbá lọ́wọ́ mi, ó bu ẹmu, ó dà, ó mu, ó sì na ìyókù sí mi.

Ó yẹ kí n sọ fún un pé àpèjúwe lásán ni mò ń ṣe. Èmi tí mò ń fún ọmọ ilé-ìwé ní òdo nítorí pé ó méfò! Mo gba igbá, mo mu.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a lọ sí Tatonnonkon. Bàbá mi wọ agbádá tó ń rùn káńfọ̀, ó sọ̀rọ̀ títí àna mi fi ń rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ sọ fún wọn pé ẹranko kan wà lókè tí ọmọ òun ń kọ́ nípa rẹ̀, ọ̀kánjúwà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dà sílẹ̀ kó tó mu. Wọ́n gbà wá. Wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran wá, èmi sì ń ro irọ́ tí mo jẹ́ kí bàbá mi gbà gbọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀, mo dá alùpùpù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko gbágùúdá kan.

“Bàbá, lọ́jọ́ yẹn, n kò dà á fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń júwe ni.”

“Mo mọ̀. Ṣé mo fọ́jú ni?”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi pe bàbá àti ìyá yín?”

Ó ní,

“Ó ti sú mi láti máa nìkan mu ún. Àbí kí n dúró dìgbà tí wàá gbọ́n ni?”